Ẹran Iléyá Ti Sú Wa, Ẹran Kò sì Tíì Tán

Ọjọ́ àkọ́kọ́ Iléyá kì í jẹ́ kí ènìyàn rántí pé ọjọ́ kẹrin ń bọ̀. Bí wọ́n bá ti kírun tán ní yídì, tí ìmáàmù sì ti dúńbú àgbò tirẹ̀, gbogbo àdúgbò a kún fún ìró ọ̀bẹ, èéfín igi àti òórùn irun tí iná ń jó. Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ yan kì í dé inú àwo rárá. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni ọwọ́ ti ń gbà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ kẹrin, àwọn ọmọ tó ń du itan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ yóò máa ti ẹran sí ẹ̀gbẹ́ àwo, wọn yóò máa béèrè bóyá ẹyin wà nílé. Ìyá ilé yóò ṣí fíríísà, yóò rí egungun, ọ̀rá dídì, àti oríṣiríṣi nílọ́ọ̀nù tí kò rántí ohun tó dì sínú wọn mọ́, yóò sì rọra pa ìdérí náà dé.

Bẹ́ẹ̀ ẹran yìí kì í ṣe ẹran ọ̀fẹ́. Ní ọdún 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin là kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti ná ọjà àgbò ní Èkó tàbí Ìbàdàn láti ìgbà náà mọ̀ pé iye yẹn kò tó í fa àgbò gidi wálé. Àwọn ìdílé mìíràn ti ń dá àjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kí wọ́n tó rí owó ẹyọ kan. Kí irú ẹran bẹ́ẹ̀ wá rà nítorí pé iná lọ, tàbí kí a dà á fún ajá nítorí pé ọbẹ̀ ata kan náà ni a ń fi jẹ láti àárọ̀ dé alẹ́, ohun tó ń dunni ni. Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé ẹran náà láti ọjọ́ kejì lọ: bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti bí a ṣe ń sọ ọ́ di oúnjẹ mìíràn tí ẹnu kò ní kọ̀.

Kí a tó pe ohunkóhun ní àjẹkù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ ti ẹlòmíràn kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn máa ń gbani níyànjú pé kí a pín ẹran náà sí: ìdá kan fún ilé, ìdá kan fún ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, ìdá kan fún aláìní. Ìròyìn kan sì wà nínú hádíìsì tó bá ọ̀rọ̀ fíríísà mu ju bí a ti lérò lọ. Ní ọdún kan, nígbà tí àwọn aláìní wọ ìlú Mẹ̀dínà, Ànábì Muhammad ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ́jú ẹran ọdún ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó wá yọ̀ǹda pé kí wọ́n jẹ, kí wọ́n fi tọrẹ, kí wọ́n sì tọ́jú nínú rẹ̀. Ebi aládùúgbò ló fa òfin ọjọ́ mẹ́ta náà, nígbà tí ebi yẹn sì kásẹ̀ nílẹ̀, a ká òfin kúrò. Nílẹ̀ Yorùbá, aládùúgbò tí a ń wí yìí lè jẹ́ Krìsítẹ́nì. Abọ́ tó bá gbé ẹran lọ sílé rẹ̀ ní Iléyá sábà máa ń gbé ìrẹsì bọ̀ ní Kérésìmesì. Nítorí náà, bí ẹ bá ní láti fi orúnkún ti ìdérí fíríísà kí ó tó lè pa dé, ẹ kò tíì pín ẹran yín tán.

Iná, òjò àti ẹran

Ọdún òṣùpá ni Iléyá ń tẹ̀ lé, nítorí náà ó máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yára sí i lọ́dọọdún. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 6 oṣù Òkúdu ni ó bọ́ sí, ìyẹn àárín òjò gan-an ní ilẹ̀ wa. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí mú wá fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹran. Ohun tí ìyá ìyá wa fi oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ gbẹ ní ìrọ̀rùn, yóò hu funfun lórí àtẹ bí a bá gbìyànjú rẹ̀ nínú òjò. Iná ààrò tàbí ààrò ìgbàlódé tí a fi ń yan búrẹ́dì nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ náà nígbà yìí.

Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé kí ẹran sísè má ṣe wà níta ju wákàtí méjì lọ, àti pé bí ọjọ́ bá gbóná kọjá ìwọ̀n Celsius 32, kí ó má ju wákàtí kan. Ìdí rẹ̀ ni pé láàárín ìwọ̀n 4 sí 60 ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i kíákíá, ojú ọjọ́ wa sì wà ní àárín méjèèjì tọ̀sán-tòru. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí a bá ti gbé ìkòkò kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, ewu ti tán. Àṣà náà dára ju kí a fi ìkòkò sílẹ̀ lásán lọ, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Iná lè pa kòkòrò, àmọ́ oró tí àwọn kan nínú wọn ti tú sínú ọbẹ̀ kì í bá wọn kú. Bí ọbẹ̀ bá ti ń hó ìfóòfó láìsí lórí iná, tàbí tí ó ń rùn kíkan, kí a má ṣe fi ata bo òórùn náà. Kí a dà á nù.

Inú ẹran ni kí a kọ́kọ́ jẹ. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ọkàn, ṣàkì àti ìfun kì í fara da ọjọ́ púpọ̀; ọjọ́ kan tàbí méjì ni wọ́n lè lò nínú fíríìjì tó tutù dáadáa. Ẹran tútù tí a kò tíì sè lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún níbẹ̀, èyí tí a ti sè tàbí tí a ti dín lè lo mẹ́ta sí mẹ́rin. Ohun tó bá máa pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, fíríísà ni ilé rẹ̀. Ẹ dì í ní ìwọ̀n oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kí ó lè tètè dì, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti ohun tó wà nínú rẹ̀ sára nílọ́ọ̀nù náà. Ẹ̀yà ara kan yàtọ̀ sí ìkejì, ṣùgbọ́n nínú yìnyín, gbogbo wọn ni wọ́n ń jọ òkúta.

Ní ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Fíríísà tó kún dáadáa, tí a kò sì ṣí, lè di òtútù rẹ̀ mú fún wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná ti lọ; èyí tó kún dé ìdajì lè di tirẹ̀ mú fún wákàtí 24. Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn náà, “tí a kò sì ṣí”. Ọmọ tó ń wá omi tútù ní ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́ ló ń ba ẹran jẹ́, kì í ṣe àwọn tó mú iná lọ nìkan. Bí àyè bá ṣẹ́kù nínú fíríísà, ẹ fi ike omi dí i. Omi tó bá ti di yìnyín yóò máa ṣe iṣẹ́ òtútù nígbà tí iná kò bá sí.

Ẹran gígún

Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀ láti gba ẹran ọdún là, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni a kọ́ lọ́wọ́ àwọn Hausa, tí wọ́n ń pè é ní dambun nama. Àwọn náà ló fún wa ní kílíṣí, ẹran tí wọ́n là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ àti èròjà pa lára, tí wọ́n sì yan. Ṣùgbọ́n kílíṣí fẹ́ oòrùn àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n là. Dambun nama kò fẹ́ ju odó àti sùúrù lọ, ẹran tó le jù lára àgbò ló sì dára jù fún un: ọrùn, apá, àti àwọn ẹran tí a dín ní ọjọ́ kejì tó wá le bí igi.

Ẹ mú ẹran tí kò léegun, kí ẹ gé ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò pátápátá, nítorí ọ̀rá ni kò ní jẹ́ kí ó pẹ́. Ẹ sè é pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata ilẹ̀, aáyù àti iyọ̀ títí yóò fi rọ̀ débi pé ìka méjì lè fà á ya. Bí ó bá jẹ́ ẹran díndín ni, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó tún un sè. Ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà ẹ dà á sínú odó, kí ẹ gún un díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe gígún iyán. A kò fẹ́ kí ó di ọ̀kan, a fẹ́ kí ó tú sí fọ́nrán-fọ́nrán bí òwú. Ẹni tí kò bá ní odó lè fi fọ́ọ̀kì méjì fà á ya, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ yóò ro ó.

Ẹ wá da òróró ṣíbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú páànù fífẹ̀, kí iná má pọ̀. Ẹ da ẹran náà sí i, kí ẹ bu ata gbígbẹ àti yàjì sí i, kí ẹ sì máa rò ó láìdúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò máa lẹ̀ mọ́ra, yóò sì dà bí ẹni pé ẹ ti bà á jẹ́. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀. Nígbà tó bá tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, ìró rẹ̀ nínú páànù yóò yí padà, yóò máa dún wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí ewé gbígbẹ. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà kí òróró tó kù lè fà jáde, kí ó sì tutù pátá kí ẹ tó rọ ọ́ sínú ìgò tó mọ́ tó sì gbẹ. Ẹran odindi apá kan lè wọnú ìgò kan ṣoṣo. Nínú fíríìjì ni kí ẹ gbé e sí, kí ṣíbí tútù má sì ṣe kàn án.

Oúnjẹ tí ìgò yìí lè gbà sílẹ̀ kò lóǹkà. Ẹ bù ú sórí iṣu sísè pẹ̀lú òróró díẹ̀, tàbí sórí ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ pò ó mọ́ ẹyin kí ẹ tó dín in. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń padà sí yunifásítì lẹ́yìn ọdún lè gbé e lọ gẹ́gẹ́ bí ẹran rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó máa wọ́n ọn sórí Indomie àti gàárì. Nínú àsáró sì rèé, níbi tí ẹran díndín gbòòrò kì í ti bá iṣu rẹ́, ẹran gígún a wọlé pẹ̀lú ẹ̀fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Egungun àti omi rẹ̀

Ìyàwó ilé tuntun tó da egungun Iléyá nù ti da ìdajì adùn àgbò náà nù. Ẹ kó egungun jọ, títí kan èyí tí a ti dín, kí ẹ fọ́ àwọn tó nípọn kí mùdùnmúdùn inú wọn lè jáde. Ẹ sè wọ́n fún wákàtí kan pẹ̀lú àlùbọ́sà ńlá kan. Omi yìí ni owó. Ẹ jẹ́ kí ó tutù ní fíríìjì mọ́jú. Ọ̀rá àgbò a léfòó, a dì lókè bí ìdérí funfun, ẹ ó sì fi ṣíbí ká a kúrò. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀rá àgbò máa ń dì kíákíá ju òróró lọ, òun ló sì ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu bí oúnjẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Ẹ fi omi egungun náà se ẹ̀wà olóyin. Ife ẹ̀wà mẹ́rin, omi egungun tó bò ó, àlùbọ́sà, àti àwọn egungun tó ṣì ní ẹran lára. Nígbà tí ẹ̀wà bá rọ̀, ẹ fi ata lílọ̀, irú àti epo pupa sí i. Iyọ̀ ni kí ó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ́ ọ wò, nítorí egungun ti gbé iyọ̀ tirẹ̀ wá. Bákan náà ni kí ẹ fi omi yìí lọ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín dípò omi lásán. Ẹ gé ẹran wẹ́wẹ́ sí i dípò ẹja àti ẹyin, kí ẹ pọ́n ọn sínú ewé eéran bí ẹ bá rí i rà. Mo mọ ilé kan tí àwọn ọmọ ti sọ pé àwọn kò fẹ́ rí ẹran mọ́, tí wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín ẹran àgbò méjì-méjì láìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn Ìjẹ̀bú ní tiwọn ń jẹ ìkòkorẹ́, ewùrà rírìn tí a sè pẹ̀lú ata, epo àti ẹja. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé bá ń jó lọ síwájú Awùjalẹ̀ níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń fi ẹṣin dárà, àlejò máa ń pọ̀ ju ìkòkò lọ. Ìkòkorẹ́ tí a fi omi egungun sè, tí a sì fa ẹran ya sí, a bọ́ ogunlọ́gọ̀ pẹ̀lú ẹran tí ìbá bọ́ ènìyàn mẹ́rin. Ẹlòmíràn lè sọ pé ẹran kò bá ìkòkorẹ́ lọ, ẹja ló ni í. Kí ó tọ́ ọ wò ná.

Ata dúdú tí a fi ń jẹ ìrẹsì ọ̀fadà náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ata tútù aláwọ̀ ewé, epo tí a ti yọ́ títí tí àwọ̀ pupa rẹ̀ fi kúrò, irú tó pọ̀, àti ẹran àjẹkù tí a gé wẹ́wẹ́. Ata yìí lágbára débi pé kò sí òórùn ẹran àná tó lè borí rẹ̀.

Bí àjẹkù bá jẹ́ hámù

Àwọn òǹkàwé wa tó jẹ́ Krìsítẹ́nì ní London tàbí Houston ní ìṣòro tó jọ èyí lẹ́yìn Kérésìmesì, àmọ́ tọ̀lótọ̀ló àti hámù ló ń ṣẹ́kù níbẹ̀. Hámù ni itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti fi iyọ̀ tọ́jú. Iyọ̀ yìí ni kí alásè máa rántí: oúnjẹ tí hámù bá wọ̀, kí ó má ṣe fi iyọ̀ tàbí Maggi sí i kí ó tó tọ́ ọ wò. Èyí tí a ti sè lè lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ní fíríìjì. Nínú fíríísà, adùn rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lẹ́yìn oṣù kan sí méjì.

Egungun rẹ̀ náà, ẹ̀wà ló ń wá. Ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àṣà wà pé ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́, kí ènìyàn jẹ Hoppin' John, ìyẹn ẹ̀wà olójú dúdú àti ìrẹsì tí a sè pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, kí ọdún lè ṣe ẹnu ire. Ẹ̀wà olójú dúdú náà kì í ṣe àjèjì. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀, àsìkò òwò ẹrú ni ó sọdá òkun. Ọmọ Yorùbá tó bá jókòó ti àwo yẹn ní Georgia tàbí Carolina, tó sì rí ìrẹsì àti ẹ̀wà tó wà pọ̀ nínú rẹ̀, kò ní nílò ẹni tí yóò júwe rẹ̀ fún un. Kí ó fi ata rodo méjì sí i, kí ó sì dín dòdò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ó sì kan àwọn ọkùnrin. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọkùnrin ló ń dúńbú, tí ó ń bó, tí ó sì ń kun ẹran ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí gbogbo ènìyàn ń yìn ín. Láti ọjọ́ kejì, ilé ìdáná di ti obìnrin nìkan: òun ló ń dín, tó ń dì, tó ń tún ọbẹ̀ gbé kaná ní òru nítorí iná kò sí. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Gígún ẹran nínú odó jẹ́ iṣẹ́ apá, àwọn tó fa àgbò wálé sì ní apá.

Orí àti ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi pamọ́ kẹ́yìn. Ẹ ti fi iná jó irun wọn, ẹ ti fi ọ̀bẹ họ wọ́n mọ́ ní ọjọ́ ọdún, ẹ sì ti gé wọn sí wẹ́wẹ́ sínú fíríísà. Ẹ dúró de òpin ọ̀sẹ̀ kan tí òjò bá ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, tí kò sí ẹni tó lè jáde. Ẹ sè wọ́n jẹ́jẹ́ fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí awọ ẹsẹ̀ yóò fi máa yọ̀ lára egungun. Ẹ fi ata rodo, èèrù, efinrin àti iyọ̀ sí i, kí omi rẹ̀ pọ̀ bíi ti pẹ̀pẹ́sùpù, kí ẹ sì bù ú fún wọn ní gbígbóná janjan.